Ìròyìn Inú Fìlà Aríran

“Bí eṣinṣin bá sín ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ojú mi tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí ló máa kọ́kọ́ rí i, èmi náà ni mo sì máa sọ fún un pé ‘pẹ̀lẹ́’!”

Oyèlékè agbèrò ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, ohùn rẹ̀ sì le débi pé páànù òrùlé di ìṣó ara rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ eṣinṣin. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀nà, gbogbo awakọ̀ ló gbà á gbọ́. Aríran ni wọ́n ń pè é.

Ọlọ́runnísọ̀lá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó wà níwájú. Ọmọ Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé ló ń lọ. Kò wo Aríran rárá. Ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ wá wọkọ̀ ló ń wò. Ọmọ náà gbé báàgì awọ kọ́ ọrùn, ó gbé e kọ́ èjìká, ó gbé e kọ́ apá méjèèjì, ká ṣáà sọ pé odindi ọjà kan ló ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Láàárín awọ pupa àti awọ dúdú yẹn ni ojú kan ti yọ, ojú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ rò pé ilẹ̀ tún ti mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ló bá kọ.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Àwọn báàgì mi ò sanwó ọkọ̀, orí itan yín ni wọ́n máa jókòó sí.”

“Kí wọ́n jókòó,” ni Nísọ̀lá wí. “Kí ẹni tó ni wọ́n náà jókòó. Mo lè dìde dúró títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Nínú ọkọ̀ bàbá mi tí òrùlé rẹ̀ kò ga ju àpótí aṣọ lọ? Ẹ máa tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja ni.”

Olúwafèyíkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, Fèyí ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe ní Ọ̀yọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń bá ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sí Sábó, kó lọ ta báàgì, kó sì ra awọ ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ará òkè Ọya tó wà níbẹ̀.

“Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́! Ìran ń bọ̀!” ni Oyèlékè kígbe. Ó ṣí fìlà rẹ̀, fìlà kan tó lè gba ìkòkò ọbẹ̀ ọdún, ó fi bo gbogbo ojú, ó ń mi orí. Gáréèjì pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. “Mo ń rí… tírélà kan… tó dùbúlẹ̀ gbalaja… lórí afárá odò Ọbà… bí àna tó yó! Ẹ má gba ibẹ̀ o! Ẹ gba… ọ̀nà àtijọ́… ẹ̀yìn ilé ìwé!”

“Ògo fún Olúwa!” ni Bàbá Fèyí dáhùn láti ìdí ìdarí ọkọ̀. Àgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bí ìran. Òun ló kọ́kọ́ ju owó sínú fìlà náà nígbà tí Oyèlékè ṣí i lójú, tó na inú rẹ̀ sí wọn. Àwọn awakọ̀ yòókù tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ wọn, tinútinú ni.

Nísọ̀lá ti fò sókè, orí rẹ̀ ti lu òrùlé gbàm̀. “Àna tó yó! Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn!”

Fèyí wò ó láti òkè délẹ̀. “Ẹ kọ ìran?”

“Ìròyìn ni mo kọ. Ọlọ́dẹ kan tó ń ṣọ́ ilé lẹ́bàá afárá ló pè mí ní ìdájí, mo sì kọ ọ́ sórí ìkànnì mi. Ojúde Wa lorúkọ rẹ̀.”

“Háà. Onírọ́ kan ò tó fún àárọ̀ òní, Ọlọ́run tún fi ọ̀kan jókòó tì mí.”

“Ó dáa, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tó kàn tó máa sọ ni pé gààrí Ìresà ti wálẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta á fún yín ní iye àná.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí fìlà fi tún padà bo ojú Oyèlékè. “Mo tún ń rí… gààrí Ìresà! Ó ti wálẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n… ta á fún yín… ní iye àná!”

Báàgì kan já bọ́ lọ́wọ́ Fèyí. Ó wo Nísọ̀lá, ó wo fìlà, ó tún wo Nísọ̀lá. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Èmi ni mo rán àpò awọ sínú fìlà yẹn,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó ní ìwé Sáàmù lòun fẹ́ máa fi síbẹ̀. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé Sáàmù wo ló gùn gbọọrọ tó fóònù.”

Ẹ̀rín tí àwọn méjèèjì rín lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá dà á sínú táńkì, bọ́ọ̀sì yẹn kì bá tí lo epo mọ́ títí ọdún fi parí.

“Ẹ jẹ́ ká sọ fún bàbá mi,” ni Fèyí wí nígbà tí ọkọ̀ ti gbéra.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ nìyẹn. Bí mo bá tú u fó, kí ló máa ṣe?”

Fèyí yíjú sí i. Ó ń wo ọkùnrin tí wọ́n ń jí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tà, tó sì ń ro ti ẹni tó ń jí i. Ọkọ̀ ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí pé òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí Nísọ̀lá ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò kí àdúgbò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ọ̀nà tó dí, ẹ̀rọ omi tó dákẹ́, iná tó lọ, ewúrẹ́ tó sọnù, ẹni tó kú àti ìgbà tí wọ́n máa sin ín, Ojúde Wa ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìròyìn kọ̀ọ̀kan nìkan ló máa ń kọ ọ́ sí pé: “Bí èyí bá wúlò fún ọ, tó sì tinú rẹ wá, dá owó díẹ̀ lóṣooṣù kí iná ojúde wa má bàa kú.” Kò fipá mú ẹnikẹ́ni, kò sì gba owó olóṣèlú, torí wọ́n á ní kó má kọ nípa kòtò mọ́.

Àwọn tó ń kà á pọ̀ débi pé bí gbogbo wọn bá mí lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé Ògbómọ̀ṣọ́ á fò lọ balẹ̀ sí Ìlọrin. Àwọn tó ń dáwó ńkọ́? Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan gba gbogbo wọn, àyè sì tún ṣẹ́ kù fún bàtà. Màmá Abigail ni àgbà wọn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bó bá ti fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́, á pè: “Ọlọ́runnísọ̀lá, mo ti ṣe tèmi. Ṣé o ti jẹun? Má parọ́ fún mi.” Irọ́ ló sì máa ń pa.

Ọjọ́bọ̀ tún dé, Ọjọ́bọ̀ mìíràn tún dé. Sábó ni wọ́n ti ń pàdé, níbi tí wọ́n ń sá awọ sí, níbi tí òórùn awọ tútù ti le débi pé eṣú ń fi ìyẹ́ bo imú kọjá. Fún Nísọ̀lá, òórùn lọ́fínńdà ni. Ó máa ń bá Fèyí na awọ wò, bí ẹni pé ó mọ ohun tó ń wò.

“Ẹ tún ti ń wo fóònù,” ni Fèyí wí lọ́jọ́ kan. “Ṣé obìnrin kan wà nínú ẹ̀ ni?”

“Alẹ́ẹ̀tì ni mo ń retí.”

“Ẹn-ẹ́n. Alẹ́ẹ̀tì ọmọ ta ni? Ṣé ó rẹwà jù mí lọ?”

Nísọ̀lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. “Fèyí, ẹ̀rù ń bà mí. Bí oṣù bá ti ń parí báyìí, mi ò ní lè sùn. Wọ́n á gba owó ibi tí ìkànnì wà, mo máa ra dátà, mo máa san owó ọ̀kadà tí mo fi ń lọ wo òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnì kan tó ti ń dáwó láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ò lè mọ́, owó ilé ìwé ọmọ. Mi ò lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọkàn mi ń lù bí ẹni tó ń gún iyán fún gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́.”

Fèyí gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó fa okùn báàgì náà mọ́lẹ̀ pinpin.

“Fi sílẹ̀ díẹ̀. Èmi ni kí o máa wò. Ìwọ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. Nísọ̀lá gbé awọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá ibi tó ti ya, etí rẹ̀ méjèèjì sì gbóná débi pé èèyàn lè fi lọ aṣọ.

Nígbà tó yá, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ kí Bàbá Fèyí nílé ní Ọ̀yọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀. Bàbá ní kó dìde, kó jókòó, kó mu omi. Omi kò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tán tí ìbéèrè fi dé.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?”

“Ìròyìn ni mò ń kọ, sà. Lórí ayélujára. Ìròyìn àdúgbò.”

“Ta ló ń sanwó fún ẹ?”

“Àwọn tó ń kà á ni, sà. Àwọn tó bá wù.”

“Àwọn tó bá wù.” Bàbá tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. “Àwọn tí kò bá wù ńkọ́?”

“Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kà á, sà.”

“Nítorí náà, o máa ń na ọwọ́ sí àwọn èèyàn tí o kò mọ̀ lóṣooṣù pé bó bá wù wọ́n, kí wọ́n fún ẹ lówó. Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní alágbe kọ́ nìyẹn ni, àbí orúkọ rẹ̀ ti yí padà?”

Fèyí jáde láti inú yàrá. “Bàbá, ẹ̀yin náà ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí Aríran ń sọ ní gáréèjì, òun ló ń kọ ọ́. Fóònù ló wà nínú fìlà yẹn. Èmi ni mo rán àpò ẹ̀.”

Ojú Bàbá yí padà. “Fèyíkẹ́mi! O fẹ́ fi ẹ̀bùn Ẹ̀mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọkùnrin? Ìran yẹn ló mú mi yẹ ọ̀nà ọjọ́ tí tírélà dùbúlẹ̀. Mo jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ. Gbogbo ìjọ ló jó!”

Ó ránṣẹ́ pe Oyèlékè lójú ẹsẹ̀. Oyèlékè dé, ó gbọ́ ẹ̀sùn, ó sì búra pé bí fóònù bá wà nínú fìlà òun, kí òun sùn kí òun jí bí àgùntàn. Fìlà kò sí lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nísọ̀lá wò ó, ó rí aṣọ agbèrò tó ti gbó léjìká, ló bá wo ilẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Fèyí fẹ́ ya ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

“Gbọ́,” ni Bàbá sọ fún Nísọ̀lá, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ díẹ̀. “O ò ṣe èèyàn búburú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kan ṣoṣo nìyí. Kí ìkórè ìjọ wa tó dé, jẹ́ kí n rí iṣẹ́ tó dúró lọ́wọ́ rẹ. Bí mi ò bá rí i, má wá síbí mọ́. Fọlábí tó ń ta bátìrì ti ń kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ohun tó ń wá.”

Láti ọjọ́ yẹn ni àìsùn ti kó ẹrù rẹ̀ wá sílé Nísọ̀lá. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń ka Ojúde Wa, ó bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan dáhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀, kí Ọlọ́run bùkún un. Àdúrà tó rí gbà lọ́sẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá tò ó jọ, ó máa kan òṣùpá. Alẹ́ẹ̀tì tó wọlé ò tó kó fi ra ọṣẹ. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ló máa ń sáré mú un. Ilé iṣẹ́ fóònù ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n ń fi orin lọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Fèyí ní Sábó pé òun ti rí iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ ní Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ kó wá ní ọjọ́ Ajé.

“Ojúde Wa ńkọ́?”

“Mo máa pa á.”

“Nítorí mi?”

“Nítorí àwa méjèèjì.”

Fèyí gbé awọ tó ń kà kalẹ̀. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó jábọ́. “Nísọ̀lá, ṣé o mọ ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ? Kì í ṣe ojú rẹ. Má bínú, ojú rẹ ò burú, àmọ́ kì í ṣe òun. Ìgbà tí o ní kí n fi Oyèlékè sílẹ̀ kó máa jẹun. Mo ní mo ti rí ẹni tó lè máa ro ti ẹlòmíràn báyìí láàárọ̀ kùtù, tó ń dìde ní ìdájí kí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n má bàa kú sórí afárá. Bí o bá pa iṣẹ́ yẹn nítorí mi, ẹlòmíràn ni mo máa fẹ́. Yóò kàn máa jẹ́ orúkọ rẹ ni.”

“Kí ni kí n ṣe, Fèyí? Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta péré.”

“Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Ó kó awọ rẹ̀, ó lọ wọkọ̀. Kò wẹ̀yìn. Nísọ̀lá dúró síbẹ̀ láàárín àwọn awọ tí wọ́n sá sórí okùn títí awọ kan fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àwọn awọ lè jẹ́rìí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìkórè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Nísọ̀lá kọ ìròyìn ìkẹyìn. Ó gbé e sórí Ojúde Wa, ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Ó fẹ́ rí Fèyí kó tó lọ sí Ìlọrin. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń sáré ṣáájú, ó ń padà wá bẹ awakọ̀ pé kó tẹná mọ́ ọn, ó tún ń sáré lọ.

Nígbà tó dé gáréèjì, àwọn awakọ̀ ti péjọ. Bàbá Fèyí dúró níwájú pẹ̀lú aṣọ funfun, torí ó máa kọ́kọ́ yà sílé ìjọ. Fèyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn báàgì tó kù lánàá, tó tún ń gbé lọ tà. Ojú òun àti Nísọ̀lá pàdé. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn tí Oyèlékè fi kígbe.

“Ẹ dákẹ́! Ìran òní lágbára! Àná, mo rí kòkòrò kan tó fẹsẹ̀ kọ ní Sábó, mo sì gbé e dìde láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí!”

Ó ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Ẹ mọ̀ pé Oyèlékè kò kàwé púpọ̀. Bí ẹni tó ń fo kòtò ló ṣe máa ń kàwé: ẹsẹ̀ kan á balẹ̀ ná, kó tó wá ibi tó máa gbé èkejì sí. Ohun tó bá ti rí ló máa ń pariwo. Kì í wo iwájú, fìlà náà sì bo etí rẹ̀ méjèèjì, kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ.

“Mo ń rí… ọ̀nà dára… láàárọ̀ yìí. Ẹ rọra… lórí afárá.”

“Ògo!” ni àwọn awakọ̀ dáhùn.

“Èyí ni… ìròyìn ìkẹyìn. Owó tí ẹ ń… fi tinútinú dá… kò gbé wa mọ́. Mi ò bínú… sí ẹnì kankan.”

Àwọn awakọ̀ wo ara wọn. “Aríran, ṣé owó àná ò tó ni?” ni ẹnì kan béèrè. Oyèlékè kò gbọ́.

“Ohun kan wà… tí mo rí… níbi iṣẹ́ yìí… tí mi ò lè… fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí… tírélà dùbúlẹ̀… Fèyíkẹ́mi… ọmọ awakọ̀ Ọ̀yọ́… gbé báàgì… lé mi… nítan.”

“Ta ni?” ni Bàbá Fèyí wí.

“Fèyí… olólùfẹ́ mi… mo ṣì ń gbé e. Bí mo bá lọ… sí Ìlọrin… ìfẹ́ rẹ ni mo máa…”

“Oyèlékè!” Ohùn Bàbá Fèyí jáde débi pé ọkọ̀ mẹ́ta tó ti kú láti ọdún tó kọjá tanná fúnra wọn. “Ọmọ mi ni olólùfẹ́ rẹ? Ìwọ tí o ní aya nílé!”

“…máa gbé lọ. Èmi tó nífẹ̀ẹ́ rẹ… Ọlọ́… Ọlọ́run… Ọlọ́runnísọ̀lá… láti Sábó.” Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Oyèlékè ti bọ́ sínú kòtò. Ohùn rẹ̀ tún un sọ, ó ti dínkù di ti ẹ̀fọn: “Ọlọ́runnísọ̀lá?”

Bàbá Fèyí ja fìlà gbà. Fóònù yọ gbọọrọ jáde nínú àpò awọ, ó balẹ̀, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Gbogbo gáréèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bí ẹni pé ẹja ńlá ló bọ́ lójú ọ̀run. Bàbá mú un. Ó ka ìròyìn ọjọ́ náà, ó fi ìka fa èyí tó wà nísàlẹ̀ sókè, ó ka ti àná, ó ka ti ìjẹta. Ó ń fà, ó ń kà, títí tó fi kan tírélà tó dùbúlẹ̀ bí àna tó yó.

Ó gbójú sókè, ó wo Nísọ̀lá. “Ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Mo sọ ‘àna tó yó’ yìí nínú ìjọ. Mo ní bí Ẹ̀mí ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ nígbà yẹn pé Ẹ̀mí mọ̀ nípa àna tó ń mutí.”

Kò sẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín, àfi Fèyí tó ti fi báàgì bo ojú.

“Nígbà tí mo pe Oyèlékè wá sílé, o jókòó níbẹ̀. O gbọ́ tó búra. Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?”

“Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, sà. Mo tún rò pé tí ìròyìn náà bá ṣáà dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó gbéra, iṣẹ́ mi ti di ṣíṣe.”

Bàbá wò ó títí irun àgbọ̀n Nísọ̀lá fi hù díẹ̀ sí i. Fèyí ti sún mọ́ Nísọ̀lá láìmọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹ̀yìn ẹ̀wù Nísọ̀lá mú. Bàbá rí ọwọ́ náà.

“Mo pè ẹ́ ní alágbe,” ni Bàbá wí. “Láràárọ̀ ni mo sì ń sanwó iṣẹ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí, tinú mi ni. Gbogbo wa níbí là ń san án. Fìlà tí kò yẹ la kàn ń jù ú sí.” Ó yíjú sí àwọn awakọ̀. “Àbí mo parọ́?”

“Ẹ ò parọ́, Bàbá!”

“Ta ló fẹ́ kí ìròyìn ọ̀nà dákẹ́ ní ọ̀la?”

Ariwo tí wọ́n pa, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìresà, àwọn tó ń wa iṣu níbẹ̀ rò pé òjò ń kù. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa dá a lóṣooṣù. Ẹlòmíràn ní láràárọ̀ ló mọ́ àwọn lára, kí wọ́n má yí i padà. Wọ́n ti ń jà lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú wọn ṣe.

Nísọ̀lá kò gbọ́ ìjà yẹn. Ó ti yíjú padà sí Fèyí. “Mi ò lọ sí Ìlọrin mọ́,” ló wí. “Ṣé o gbọ́ ohun tí mo kọ?”

“Gbogbo Ọ̀yọ́ ló gbọ́. Agbèrò ni o rán sí mi láti wá sọ pé o fẹ́ràn mi.”

“Ẹ̀rù ń bà mí láti fẹnu ara mi sọ ọ́.”

“Ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?”

“Púpọ̀. Fèyí, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Fèyí bọ́ báàgì kan kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, báàgì pupa tó dára jù nínú gbogbo wọn, ó gbé e kọ́ Nísọ̀lá lọ́rùn. “Gbé e. O ní o ṣì ń gbé e. Máa gbé e lọ títí a ó fi darúgbó.”

Bàbá wúkọ́. “Ọlọ́runnísọ̀lá, bí ìkórè bá ti kọjá, kó àwọn èèyàn rẹ wá, kí wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe tọ́. Kí wọ́n ka ìròyìn ọ̀nà kí wọ́n tó gbéra.” Ó wá rántí nǹkan kan. “Oyèlékè dà?”

Gbogbo orí yí padà. Oyèlékè ti ń fi ẹ̀yìn rìn láti ìgbà tí fóònù ti balẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà gáréèjì.

“Ẹ mú un!” ni àwọn awakọ̀ ké. “Ẹ mú aríran!”

Oyèlékè ki eré mọ́lẹ̀. Ó fo gọ́tà, ó fo tábìlì oníbúrẹ́dì, ó fo ewúrẹ́ kan tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá láìmọ ohun tó ṣe. Ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kó máa lọ, àwọn á pàdé nílé. Láti inú eruku, wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀:

“Ẹ ò yà mí lẹ́nu! Mo ti rí i láti àná pé ẹ máa lé mi!”